Kírẹ́ẹ̀ṣì, nánì tàbí màmá: èwo ni àpò òbí tó ń ṣiṣẹ́ l'Àbújá lè gbé?

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó dé ẹnu géètì kírẹ́ẹ̀ṣì, ilé tí wọ́n ti ń bá òbí tọ́jú ọmọ, lọ́jọ́ náà. Òjò ti há wa mọ́ ìkóríta Berger, ọkọ̀ ò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti ká gbogbo ẹní jọ sára ògiri, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Orí rẹ̀ ni ọmọ mi jókòó sí. Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tọ̀tún ní tòsì. Àǹtí tó ń tọ́jú wọn ti gbé báàgì kọ́ apá. Kò bú mi. Ó kàn ṣí ìwé kan, ó kọ orúkọ ọmọ, ó kọ aago tí mo dé, ó wá kọ N3,000 síwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀keje nìyẹn lóṣù kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ṣírò. N45,000 ni mo máa ń sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì pé mò ń san, inú mi sì máa ń dùn pé mo rí ibi tí kò wọ́n. Àṣé owó ìpẹ́dé nìkan ti jẹ N17,000 lóṣù yẹn, N1,000 fún ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi sísanwó díẹ̀díẹ̀ san ju ohun tí mo sá fún lọ.

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni kí òun fi ọmọ sí, mi ò kì í kọ́kọ́ bi í nípa iye owó. Aago ni mo máa ń bi í. Aago mélòó lẹ ń kúrò nílé? Aago mélòó ni ibẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn? Aago mélòó ni wọ́n ń tì í, aago mélòó lẹ sì lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀? Àlàfo tó bá wà láàárín aago wọn àti aago yín ni owó yín máa ń gbà jò.

L'Àbújá níbí, àlàfo yẹn kì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ ìjọba ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó ń parí ní aago mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní Central Area, Garki, Wuse àti Maitama, ọ̀pọ̀ wa ò lágbára ilé tó wà níbẹ̀. Kubwa, Lugbe, Karu, Nyanya, Jikwoyi la ń gbé, àwọn míì sì wà ní Mararaba tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ará Mararaba tó fẹ́ dé Federal Secretariat ní aago mẹ́jọ ti gbọ́dọ̀ wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya. Tí kírẹ́ẹ̀ṣì àdúgbò rẹ̀ bá ń ṣí ní aago méje, ta ló máa gbé ọmọ lọ? Àti láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ tí a ń san láti sáré lọ gba ọmọ, ká tún sáré padà, kò ṣeé fojú fò mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ gba ohun tó jẹ́ tiyín

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín níbi iṣẹ́, nítorí ó ń dín oṣù tí ẹ máa fi sanwó kù. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìsinmi ìbímọ ọjọ́ 112 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún ní wákàtí méjì lójúmọ́ láti fi tọ́jú ọmọ tó ń fún lọ́mú, títí di oṣù mẹ́fà. Ọkọ náà ní tirẹ̀: láti 2022 ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ti lè gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ọ̀pọ̀ bàbá kì í bèèrè rẹ̀, ó ń jó lọ báyẹn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni, òfin iṣẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé kí wọ́n fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló yí gbogbo ìṣirò mi padà nígbà tí mo bí èkejì. Tí ọmọ bá wà ní Kubwa tí ìyá wà ní Central Area, kí ni ààbọ̀ wákàtí fẹ́ ṣe fún un? Tí ọmọ bá wà ní òpópónà kejì sí ọ́fíìsì, owó gidi ni.

Tòsí ilé ni, àbí tòsí ibi iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ìṣirò tèmi hàn yín. Ọmọ oṣù méje ni mo fi ṣe é. Ilé wà ní Kubwa, ibi iṣẹ́ wà ní Central Area, ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló wà lóṣù. Iye àdúgbò wa ni mo kọ, àpẹẹrẹ ni fún yín. Ẹni tó wà ní Gwarinpa tàbí Wuse á rí iye tó ju èyí lọ, ẹni tó wà ní Kuje tàbí Gwagwalada lè rí èyí tó rẹlẹ̀. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi. Ọ̀nà tí mo gbà ṣírò rẹ̀ ni kí ẹ wò.

| | Kírẹ́ẹ̀ṣì tòsí ilé | Kírẹ́ẹ̀ṣì tòsí ọ́fíìsì | Nánì àárọ̀-sí-ìrọ̀lẹ́ | Nánì tó ń bá wa gbé |
|---|---|---|---|---|
| Owó oṣù | N45,000 | N70,000 | N60,000 | N50,000 |
| Ọkọ̀, tàbí ẹni tó ń bá wa gba ọmọ | N15,000 | N11,000 | N8,800 | – |
| Oúnjẹ àti ọṣẹ | – | – | N22,000 | N40,000 |
| Owó ejẹ́ńtì, tí a pín sí oṣù 12 | – | – | – | N4,200 |
| Mílíìkì agolo | N30,000 | N7,500 | N30,000 | N30,000 |
| Àpapọ̀ | N90,000 | N88,500 | N120,800 | N124,200 |

Ẹ wo òpó méjì àkọ́kọ́. N25,000 ni kírẹ́ẹ̀ṣì ọ́fíìsì fi wọ́n ju ti ilé lọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí a ro ó délẹ̀, òun ló tún fi N1,500 rọ̀ jù. Mílíìkì ló fà á. Ìyá tó lè sáré lọ fọ́mọ lọ́mú lọ́sàn-án kò ní ra agolo mẹ́rin lóṣù. Ẹyọ kan á tó o, fún ọjọ́ tí ìpàdé bá gùn. N15,000 tó wà ní òpó àkọ́kọ́ ni mo ń san fún aládùúgbò kan tó ń bá mi gba ọmọ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ tó ń dì í mú títí mo fi ń dé. N11,000 ti èkejì jẹ́ kèké N500 láti ibi tí bọ́ọ̀sì ń já wa sí dé ẹnu ọ̀nà kírẹ́ẹ̀ṣì, nítorí mi ò lè gbé ọmọ pọ̀n kí n tún gbé báàgì mẹ́ta rìn nínú oòrùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà. Ìyá tó bá lè fún wàrà rẹ̀ sínú ìgò kó sì gbé e sílẹ̀ fún ọmọ, agolo mẹ́ta ti yọ kúrò níbẹ̀, ìyẹn N22,500, kírẹ́ẹ̀ṣì tòsí ilé á wá di N67,500, kò sì sí èyí tó lè bá a du ipò mọ́. Ṣùgbọ́n wàrà ọmú tí a fún síta kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú yàrá tó tutù díẹ̀, yàrá Àbújá ní oṣù Kẹta kò sì tutù. Nínú kúlà tó ní yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé, kí ibi tí ẹ ń gbé e lọ sì ní fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́, tí iná ò fi bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ẹ béèrè nípa fìríìjì náà, kí ẹ sì fọwọ́ kan inú rẹ̀. Èmi fọwọ́ kan ọ̀kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohun tí èmi rí ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kó wà nítòsí ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá pè mí pé ara rẹ̀ gbóná, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ tí mo máa fi gbàdúrà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń rìn, tó ti ń jẹ amala àti ẹ̀wà, gbígbé e jí ní aago márùn-ún ìdájí lójoojúmọ́ láti jókòó sínú ọkọ̀ lọ sí ìgboro, ìyà ni. Ìgbà yẹn ni kí ó wà nítòsí ilé, kó lè sùn tó.

Owó kan tún wà tí wọn kì í kọ sára pátákó. Kírẹ́ẹ̀ṣì tó wà lábẹ́ ilé ìwé máa ń tẹ̀ lé ìsinmi ilé ìwé. Ọ́fíìsì yín kò ní ìsinmi mídítáàmù. Tí wọ́n bá wá gba ìsinmi gígùn láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́mọ wá. Ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù. Àìsàn náà wà níbẹ̀: kírẹ́ẹ̀ṣì gidi kì í gba ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n sì tọ̀nà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa retí ọ̀fìnkìn lórí ọ̀fìnkìn, nítorí ọmọ tó ti inú ilé wá pàdé ọmọ 15 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnì kan nínú yín ló máa jókòó sílé. Ẹ ti pinnu ẹni náà sílẹ̀.

Nánì

Àǹfààní nánì ni pé ọmọ wà lórí ibùsùn rẹ̀, ó sì lè ṣàìsàn kí iṣẹ́ yín má dúró. Èmi gbà pé ọmọ kejì ló sọ nánì di ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ fi kírẹ́ẹ̀ṣì tòsí ilé wò ó: ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ á gba bíi N35,000 sí i, àpapọ̀ di N125,000. Nánì àárọ̀-sí-ìrọ̀lẹ́ kò ní bèèrè owó oṣù méjì. Ẹ fi N10,000 kún tirẹ̀ nítorí iṣẹ́ pọ̀ sí i, N130,800 nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn kò tó N6,000, kò sì sí pé òjò há yín mọ́ Berger. Tó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ni, ẹ má wulẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Láàárín ẹni tó ń wá láàárọ̀ tó ń lọ nírọ̀lẹ́ àti ẹni tó ń bá yín gbé, owó wọn kò jìnnà síra. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ilé yín. Ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ kò ní ibi tí yóò fi àgbàlagbà obìnrin sí kó ní ìyì rẹ̀ lára. Ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀ láàárọ̀ kò sì lè rí alọbọ̀ tó máa dé kí ó tó lọ. Ọ̀rọ̀ aago náà la tún bọ́ sí.

Púpọ̀ nínú àwọn nánì tó wà níbí wá láti Benue, Kogi, Nasarawa àti Plateau, ejẹ́ńtì ló sì máa ń mú wọn wá. Ejẹ́ńtì á gba owó tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọbìnrin náà bá sì lọ lẹ́yìn oṣù méjì, owó míì tún ni. N4,200 tí mo kọ sókè yẹn, tó bá dúró fún ọdún kan gbáko nìyẹn. Ẹ bèèrè nọ́ńbà NIN rẹ̀ olóòkà 11, ẹ wá onídùúró tó ní àdírẹ́sì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú owó yín. Lẹ́yìn náà, kí ìyá tàbí bàbá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ jọ wà nílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà jẹ́ owó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa owó tí à ń san fún wọn. Láti 2024, N70,000 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà, àmọ́ òfin náà kò dé ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25, nítorí náà kò sí ẹni tó máa mú yín tí ẹ bá san N25,000 fún nánì. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ló ń gbé ọkàn yín lọ́wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjà kan náà lẹ jọ ń ná. Èmi náà ti san ohun tó kéré jù fún ẹnì kan rí, lásìkò tí mo mọ̀ dájú pé mo lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣì ń dùn mí. Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa dín kù, ẹ má fi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ kékeré: mi ò fi í sínú ìfiwéra

Ẹnì kan á sọ fún yín pé ẹ lọ mú ọmọdébìnrin kan wá láti abúlé, pé aṣọ àti oúnjẹ ni gbogbo owó rẹ̀. Lóòótọ́, lórí ìwé, òun ni yóò fúyẹ́ jù. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí.

Nígbà tí a ń gbé Dutse Alhaji, ọmọ kan wà ní fúláàtì ìsàlẹ̀, kò lè ju ọdún 11 lọ. Ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ó máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀n, ó máa ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá nínú yúnífọ́ọ̀mù. Bí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ké, á máa fi ẹsẹ̀ kan jó jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò lójú títì. Mo rí i fún oṣù mẹ́rin, mi ò sọ nǹkan kan fún ìyá ilé náà. Ó yẹ kí n sọ.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fìdí múlẹ̀ l'Àbújá: ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àwọn òbí àti ẹbí rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti 2004 sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé títí yóò fi parí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. NAPTIP tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò wà ní ìlú yìí gan-an. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ ọdún 11 kò mọ ohun tí yóò ṣe bí ìkókó bá ṣe bíi pé nǹkan há a lọ́fun.

Màmá

Gbogbo wa la máa ń sọ pé màmá ò ná wa ní nǹkan kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bí àkọ́bí. Màmá mi wọ ọkọ̀ láti Ìkìrun, ó bọ́ sílẹ̀ ní páàkì Utako pẹ̀lú èlùbọ́, epo pupa àti ẹ̀gúsí tó ti lọ̀. Ó wẹ ọmọ, ó na ara rẹ̀, ó fi omi gbígbóná jó mi níkùn, mo sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Kò sí kírẹ́ẹ̀ṣì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun á dúró.

Ní oṣù kẹrin ni mo ṣàkíyèsí pé ohun kan máa ń dún nígbà tó bá tún ìró rẹ̀ ró. Kọ́kọ́rọ́ ni, ó so ó mọ́ igun ìró. Mo bi í pé kọ́kọ́rọ́ ibo nìyẹn. Ó ní ti ṣọ́ọ̀bù òun ni. Ó ń ta aṣọ n'Ìkìrun láti bí ọdún 20 ó lé, ó sì ti tì í pa láti ọjọ́ tó ti wá. Kò sọ fún mi. Kò gbọ́ Hausa, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò lè dá lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ bí kò ṣe ọmọ ọwọ́. Ìrora orúnkún rẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu nítorí àtẹ̀gùn ilé wa.

Ẹ ṣírò màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oúnjẹ tó bá a lára, àti owó tó máa wọlé fún un ká ní ó wà nídìí ọjà rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni a kì í kà. Mo fi N40,000 sí i lóṣooṣù lẹ́yìn ìgbà tí mo rí kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó wá gbà á. Tí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, màmá kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí kírẹ́ẹ̀ṣì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ pè wọ́n fún, kí ẹ bá wọn fi ọjọ́ ìpadà sí i kí wọ́n tó wọkọ̀. Bí wọ́n bá fúnra wọn ní àwọn fẹ́ dúró sí i, ìyẹn yàtọ̀. Ìyá ọkọ náà ńkọ́? Bákan náà ni, àfi pé ọkọ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó, kì í ṣe ìyàwó.

Àǹfààní kan tún wà lára màmá tí kò ní iye: èdè. L'Àbújá, ọmọ tó wà ní kírẹ́ẹ̀ṣì láti àárọ̀ dalẹ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa àti Píjìn ni yóò gbọ́. Àkọ́bí mi tó lo oṣù márùn-ún lọ́wọ́ ìyá mi, tí a sì ń pè é lórí fóònù pẹ̀lú rẹ̀ lálaalẹ́, ń sọ Yorùbá yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀. Èkejì ń gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ẹ bá fi ọmọ sí kírẹ́ẹ̀ṣì, ẹ pinnu pé láti ìgbà tí ẹ bá ti gbà á títí tí yóò fi sùn, Yorùbá nìkan ni.

Aládùúgbò, àti fífi iṣẹ́ sílẹ̀

Aládùúgbò tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́ta-mẹ́rin nínú pálọ̀ rẹ̀ lè gba ìdajì owó kírẹ́ẹ̀ṣì. Ó dára fún wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́. Fún odindi ọjọ́, ọmọ ọwọ́ mẹ́ta fún obìnrin kan ni mo lè fara mọ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ mi kò ní sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ìyá kúkú jókòó sílé. Tí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ N120,000, tí ọkọ̀ gba N40,000, tí ìtọ́jú ọmọ sì gba N90,000, òtítọ́ ni pé ó ń jẹ gbèsè N10,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé owó ìfẹ̀yìntì: lábẹ́ òfin 2014, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún un, òun fúnra rẹ̀ ń fi ìdá 8 sí i. Tó bá jókòó sílé, ìyẹn á dúró, ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà á sì dúró. Ọdún méjì péré sì ni owó ìtọ́jú ọmọ fi máa ń wúwo báyìí. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ọkọ lè yí aago rẹ̀ padà. Nínú ilé wa, N15,000 tí mo ń san fún aládùúgbò dópin nígbà tí bàbá ọmọ mi gbà láti máa jáde ní àfẹ̀mọ́jú, kó lè tètè padà wá gba ọmọ.

Ibi tí ẹ fẹ́ yàn, ẹ lọ wò ó

Ẹ lọ lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, láìsọ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, gbogbo kírẹ́ẹ̀ṣì ló mọ́. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, ó ti rẹ àwọn àǹtí, ìgbà yẹn ni ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ wo bóyá ìkókó tó ń sùn dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo fèrèsé. Láti oṣù Kejìlá títí dé nǹkan bí oṣù Kẹfà ni àrùn yírunyírun, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, máa ń jà ní apá Àríwá, yàrá tó há tí ọmọ pọ̀ sí ni ó sì máa ń fẹ́. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó lo abẹ́rẹ́ Men5CV sí i, ní 2024. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa ń wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kí wọ́n tó gbà á. Ibi tí wọn ò ti bèèrè káàdì tiyín, wọn ò bèèrè ti ọmọ tó máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.

Èkejì wa ṣì wà ní kírẹ́ẹ̀ṣì Central Area. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì, ó ń rìn, ó sì ti ń bínú tí mo bá jí i ní ìdájí. Ní oṣù Kẹsàn-án, a máa gbé e wá sí Kubwa. Ibi méjì la rí, ọ̀kan fi N12,000 wọ́n ju èkejì lọ, àmọ́ aago mẹ́fà ààbọ̀ ni òun fi ń tì. Bàbá rẹ̀ ti lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi náà ń lọ.